Pẹ́tà Kan Láti Ọrùn Ìyá

Bàbá Ọ̀ṣúntúyì gbé ojú-ọrùn olóògbé náà lé orí òṣùwọ̀n, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Ohun náà kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Okùn tó fi wà lọ́rùn Ìyá ti gbó, ó ti pọ́n bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná kékeré kan tàn lábẹ́ rẹ̀, òǹkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara ògiri: gígà mẹ́wàá, gígà irínwó, tẹ́rà méjì, tẹ́rà àádọ́rin, tẹ́rà ẹgbẹ̀ta. Nígbà tó dé tẹ́rà ẹgbẹ̀rún, gbogbo rẹ̀ pòórá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù lójú ògiri, ó dúró gbọn-in.

"Pẹ́tà kan," ni Bàbá Ọ̀ṣúntúyì wí. "Ó pé géérégé, kò lé, kò dín. Ìbíyẹmí, ìyá rẹ pẹ́ láyé, ó sì la ojú rẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹ ṣé, bàbá."

Ìbíyẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Olùwọ̀n ni òun náà ní Ilé Àyè yìí tí wọ́n ti ń wọn ìrántí àwọn òkú, ó ti ń ṣe é fún ọdún mọ́kànlélógún, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí olùwọ̀n wọn òkú tirẹ̀. Wíwò ni tirẹ̀ lónìí.

"Òfin ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí òǹkà ilé fún ọ," ni bàbá náà wí.

"Ẹ má ṣe wàhálà, bàbá. Mo ti túmọ̀ rẹ̀."

Ó ti túmọ̀ rẹ̀ kí òǹkà tó dúró. Pẹ́tà kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún tẹ́rà. Tẹ́rà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún gígà. Gígà méjì ni ojú-ọrùn ń jẹ ní wákàtí kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ ì báà sùn, ì báà jí. Mílíọ̀nù gígà, bí a bá pín in ní méjì-méjì, á di wákàtí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ohun gbogbo tí Ìyá rí àti ohun gbogbo tó gbọ́, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ló wà nínú ohun tó tó èkùrọ́ yìí.

"Adágún tún fà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì lánàá," ni Bàbá Ọ̀ṣúntúyì wí, bó ṣe ń tún okùn náà ká. "Omi tó ń tu àwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìrántí lára kò tó mọ́. Mo gbọ́ pé ní ọdún tó ń bọ̀, ààbọ̀ tẹ́rà ni wọ́n máa fi sílẹ̀ fún òkú kan. Ẹ tilẹ̀ ṣe oríire. Ẹ̀yin ṣì ní tẹ́rà kan. Bí fèrè aago mẹ́rin bá dún, a ó pa ìyókù rẹ́, tòun ti gbogbo àwòrán ìyá yín tó kù."

Tẹ́rà kan. Wákàtí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ogún ọjọ́ àti ogún wákàtí, nínú ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

"Ìyá rẹ fi àmì sílẹ̀ fúnra rẹ̀," bàbá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó ti yan èyí tí yóò kù, ó sì ti pín in. Kò sí ìjà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rọ pọ ìwé pélébé kan jáde. Ìbíyẹmí nawọ́ gbà á kí bàbá náà tó kà á. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀:

MỌRADÉYỌ̀: 0.9 TẸ́RÀ

ÌBÍYẸMÍ: 100 GÍGÀ

Bí ẹ̀rọ náà ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ohun tó bá ti sún mọ́ tẹ́rà kan, tẹ́rà ni yóò fi kọ ọ́. Ohun tó bá kéré, yóò fi gígà kọ ọ́. Ẹni tí kì í ṣe olùwọ̀n máa ń ṣi ìwé náà kà, ìdí nìyí tí òfin fi ní kí wọ́n máa túmọ̀ rẹ̀. Ìbíyẹmí kò ṣì í kà. Irínwó wákàtí ó lé àádọ́ta fún àbúrò. Àádọ́ta fún òun. Ìyá wọn pín ara rẹ̀ sí mẹ́wàá, ó gbé mẹ́sàn-án fún Mọradéyọ̀, ó sì ju ẹyọ kan sí ẹ̀gbọ́n.

Kì í ṣe ìyàlẹ́nu. Ohun tó mọ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni, ọjọ́ tí wọ́n gbé Mọradéyọ̀ wọlé nínú aṣọ funfun, tí Ìyá kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Títí ọmọ náà fi pé ọdún márùn-ún, ẹ̀yìn Ìyá ló ń gbé. Nígbà tí Mọradéyọ̀ fẹ́ràn omi, Ìyá tó ń bẹ̀rù adágún kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ sórí omi. Nígbà tí Ìbíyẹmí gba ipò kìíní nínú ìdánwò àwọn olùwọ̀n, tí gbogbo àdúgbò ń kí wọn kú oríire, Ìyá ní, "O ṣé gan-an," ó sì yíjú: "Mọradéyọ̀, ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ayé ń pe obìnrin náà ní Ìyá Ìbíyẹmí. Ìbíyẹmí máa ń rò ó pé orúkọ yẹn nìkan ni ìpín òun lára rẹ̀. Ó ti ń jowú ọmọ ìyá rẹ̀ bí ẹni ń jowú orogún, ojú sì ń tì í, nítorí ọmọ náà kò ṣẹ̀ ẹ́ rí.

Nígbà náà ni Mọradéyọ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, òórùn ewé omi ń bọ̀ lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, ọkọ̀ ló pẹ́ lórí omi."

Ìbíyẹmí na ìwé náà sí i. Mọradéyọ̀ kà á, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọmọ ilé ìwé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ó rọra gbé ìwé náà lé orí tábìlì, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó jáde.

"Mi ò tíì túmọ̀ rẹ̀ fún un," ni Bàbá Ọ̀ṣúntúyì wí.

"Ẹ jẹ́ n lọ bá a, bàbá. Màá túmọ̀ rẹ̀ fún un."

Nígbà tó sọ ọ́, òtítọ́ ló fẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn Ilé Àyè, gọ́tà ńlá kan wà níbi tí omi tó ti inú àwọn ẹ̀rọ jáde ń gbà padà sínú adágún. Omi náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru ń rú lójú rẹ̀, àwọn obìnrin sì máa ń fọ aṣọ níbẹ̀. Mọradéyọ̀ jókòó sétí gọ́tà náà, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo.

Ìbíyẹmí dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Kí ló dé?"

"Kí ni mo fi ṣe Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kí ló dé, mo ní?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà rí i. Ọgọ́rùn-ún ló fi sílẹ̀ fún yín. Tèmi kò tilẹ̀ tó ẹyọ kan! Òdo ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ó wá fi nǹkan kékeré kan tẹ̀ lé e, bí ẹni fún ajá ní èérún."

Ìbíyẹmí la ẹnu. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀rọ̀ náà: òdo àmì mẹ́sàn-án tẹ́rà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gígà ni. Ó ti sọ irú rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ òkú. Ṣùgbọ́n Mọradéyọ̀ kò tíì dákẹ́.

"Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ló fẹ́ràn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ yín ló máa ń sọ. Ìbíyẹmí kì í ṣe báyìí. Ìbíyẹmí ti jí. Wo bí ìwé Ìbíyẹmí ṣe mọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú rẹ̀, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń gbé e dìde. Ẹ̀yin, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ máa ń wá, ọjọ́ tí ẹ bá sì ń bọ̀, á ní kí n pààrọ̀ aṣọ òun, kí n pa irun òun dáadáa. Kò pààrọ̀ aṣọ nítorí tèmi rí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo jowú yín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo jowú yín débi pé ìgò oyin tí ẹ máa ń gbé wá, mo máa ń bínú sí i."

Ìbíyẹmí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹnì kan jowú òun. Mọradéyọ̀ ọmọ ẹ̀yìn Ìyá ló jowú òun! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, adùn rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ kí adùn náà pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú kan péré.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀," ni Mọradéyọ̀ wí lójijì. Ó yí ojú sókè. "Òfin gbà á, àbí? Ẹ̀yin ti ní i nígbà ayé rẹ̀. Ẹ fún mi ní ọgọ́rùn-ún yẹn, kí ẹ gba tèmi. Mo mọ̀ pé ìrẹ́jẹ ni mo ní kí ẹ gbà. Mo bẹ̀ yín."

Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ ti ń wò wọ́n. Ìbíyẹmí fi ọwọ́ kan àmì idẹ tó wà láyà rẹ̀, àmì àwọn olùwọ̀n. Irínwó wákàtí ó lé àádọ́ta ti Ìyá. Kò ní jí i. Wọ́n ń gbé e lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ kó gbà á.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ló bi í.

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa," ni Ìbíyẹmí wí. "Dìde, ká lọ."

Bàbá Ọ̀ṣúntúyì gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wo ìwé, ó wo Mọradéyọ̀.

"Ìwọ fẹ́ fi tìrẹ gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ta ló túmọ̀ òǹkà yìí fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ó túmọ̀ rẹ̀ sí òǹkà ilé? Sí wákàtí àti ọjọ́?"

Mọradéyọ̀ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò mọ èsì tó yẹ kó fún bàbá náà, ó ń wá a lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

"Mo túmọ̀ rẹ̀," ni Ìbíyẹmí wí.

Láàárín àwọn olùwọ̀n, òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ẹnu olùwọ̀n méjì kì í wọ òǹkà kan. Bí ọ̀kan bá ti ní òun túmọ̀ rẹ̀, èkejì kò gbọdọ̀ tún un sọ. Bàbá Ọ̀ṣúntúyì ló kọ́ Ìbíyẹmí ní òfin náà. Ó gbé pátákó ìtẹ̀ka síwájú wọn. Mọradéyọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìbíyẹmí tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kùn, ó sì ya ojú-ọrùn tuntun méjì sọ́tọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí àfi àtàǹpàkò ẹni tó ni ín.

"Kí fèrè aago mẹ́rin tó dún, a ṣì lè tú u," ni bàbá náà wí. Àwọn méjèèjì ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí nìkan ló ń wò. "Lẹ́yìn fèrè, ó ti parí nìyẹn."

Mọradéyọ̀ di ọgọ́rùn-ún gígà rẹ̀ mú ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ jókòó sí èbúté títí ọkọ̀ òun yóò fi dé.

Ìbíyẹmí wọ yàrá ìwòran, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé àkẹtẹ̀ ìwòran dé orí. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú-ọrùn. Òkùnkùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ adágún bò ó lójú.

Mọradéyọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin dúró nínú omi tó mù ún dé orúnkún. Ọwọ́ Ìyá, tó ṣì dán, tó ṣì lágbára, na ìbẹ́pẹ sí i. Ohùn Ìyá sún mọ́ ọn débi pé ó dà bí ẹni pé láti ọ̀nà ọ̀fun Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde: "Gbà, ẹyinjú mi. Rọra jẹ ẹ́." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, omi ìbẹ́pẹ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ìbíyẹmí sún un síwájú. Mọradéyọ̀ ń sùn, Ìyá ń lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀. Mọradéyọ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀. Mọradéyọ̀ ń di irun Ìyá. Ó ń fò láti wákàtí kan sí òmíràn, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti rò pé bí òun bá gba ìfẹ́ náà, yóò di tòun. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọ aṣọ ẹlòmíràn lọ sóde ló rí, gbogbo ibi ló ti fún un. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ó wí fún àkẹtẹ̀ pé, "Wá ojú Ìbíyẹmí."

Àkẹtẹ̀ wá a. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló rí, nínú irínwó wákàtí ó lé àádọ́ta.

Ó wò wọ́n. Ọmọbìnrin gíga kan ń gbé korobá kọjá. Ọmọbìnrin gíga kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le, ó ń wo ìyá àti ọmọ bí ẹni ń wo ilé tí wọn kò pè é sí. Ìbíyẹmí kò mọ̀ pé ojú òun máa ń rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, Mọradéyọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ìwé ìdánwò ìṣirò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún. Ọmọbìnrin gíga náà gba àárín yàrá kọjá pẹ̀lú ìwé ní abíyá, kò dúró, kò bèèrè. Lẹ́yìn tó ti kọjá, Ìyá fa ọmọ náà mọ́ra.

"Pa ẹnu mọ́. Ìwọ kò ní mọ òǹkà, ó ti yé mi, kò burú. Ṣé o rí ẹni tó ń kọjá lọ yẹn? Ó mọ̀ ọ́n fún ẹ̀yin méjèèjì. Nígbà tí mi ò bá sí mọ́, kò sẹ́ni tó máa lè fi òǹkà rẹ́ ọ jẹ níṣojú rẹ̀."

Ọmọ náà fa imú. "Ìyá mi, ṣé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn mi ni?"

Ọwọ́ Ìyá nu omijé ọmọ náà. "Á fẹ́ràn rẹ. Ó ṣì ń bínú ni."

Ìbíyẹmí ṣí àkẹtẹ̀ kúrò lórí. Aago ara ògiri sọ pé aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń kùn lábẹ́ ilẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Owú náà ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kò dín rárá. Ó ṣì fẹ́ irínwó wákàtí yẹn. Bó ṣe ń fẹ́ wọn náà ló dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Nígbà tó dé èbúté, ọkọ̀ ti ṣí. Ó ti tó ìwọ̀n ilé mẹ́wàá sójú omi. Mọradéyọ̀ jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀.

"Mọradéyọ̀!"

Afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ dànù. Ìbíyẹmí wọ inú omi lọ tòun ti aṣọ iṣẹ́, omi mù ún dé ìbàdí, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Mọradéyọ̀! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni! Tìrẹ! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gígà! Tèmi ni kò tó nǹkan!"

Gbogbo èbúté yíjú sí i. Wọ́n mọ aṣọ náà, wọ́n sì mọ àmì idẹ tó wà láyà rẹ̀. Wọ́n rí olùwọ̀n tó dúró nínú omi, tó ń pariwo ẹ̀tàn ara rẹ̀. Obìnrin kan pa òṣé. Lójú omi, Mọradéyọ̀ dìde dúró nínú ọkọ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó na ọwọ́ sí atukọ̀ pé kó yí padà.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje nígbà tí wọ́n dé iwájú tábìlì, omi ń ro tótó lára Ìbíyẹmí sílẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣúntúyì ti gbé pátákó ìtẹ̀ka kalẹ̀, bí ẹni tó ti ń retí wọn láti ìgbà yìí.

"Kí ni kí n kọ síbi ìdí rẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́ pé mo parọ́ òǹkà."

"Ìbíyẹmí, o mọ ohun tí ó já sí."

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá."

Ó bọ́ àmì idẹ náà láyà ara rẹ̀ kí bàbá náà má baà ní láti bọ́ ọ. Ó gbé e lé orí tábìlì. Bàbá Ọ̀ṣúntúyì kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kà á fún mi," ni Mọradéyọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ kà á fún mi bó ṣe yẹ kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan."

Ìbíyẹmí yíjú sí i. Kì í ṣe olùwọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n ó kà á.

"Tẹ́rà kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún gígà. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni tìrẹ, ìyẹn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Gígà méjì ni wákàtí kan. Irínwó wákàtí ó lé àádọ́ta ni Ìyá fi sílẹ̀ fún ọ. Bí o bá ń wò ó tọ̀sántòru, ọjọ́ méjìdínlógún àti wákàtí méjìdínlógún."

"Tiyín ń kọ́?"

"Àádọ́ta wákàtí. Ọjọ́ méjì àti wákàtí méjì."

Mọradéyọ̀ dúró, ó ń wò ó. "Nígbà tí mo ń sunkún létí gọ́tà, ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Wọ́n tẹ ìka. Mọradéyọ̀ mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ó kí bàbá náà pé ó dàbọ̀, ó sì lọ, kò wo ẹ̀yìn. Kò tíì dé ẹnu géètì nígbà tí fèrè dún. Lójú ògiri, pẹ́tà kan náà mì, ó di tẹ́rà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ó di ọgọ́rùn-ún, ó di mẹ́wàá, ó di ẹyọ kan. Ohun tó gba Ìyá ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kò gba ẹ̀rọ náà tó mímí ẹ̀ẹ̀méjì.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Ìbíyẹmí dé yàrá rẹ̀. Kò bọ́ aṣọ tútù. Ó gbé àkẹtẹ̀ àtijọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọgọ́rùn-ún gígà rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún àwọn èérún: ọjọ́ tó gba ipò kìíní, bóyá, tàbí àwọn ìgò oyin.

Ojú Ìyá ló rí.

Ó fà sẹ́yìn. Ojú-ọrùn kì í rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ohun tó wò lọ́sàn-án, ọwọ́ Ìyá ló rí, ohùn rẹ̀ ló gbọ́, òjìji rẹ̀ lórí omi. Ṣùgbọ́n níbí yìí, Ìyá ti jókòó síwájú dígí, ní yàrá kékeré tó ń gbé nílé Mọradéyọ̀, ó ti pa irun, ó ti wọ aṣọ tó dáa, ó ń wo inú dígí náà tààrà.

"Ìbíyẹmí, o kú iṣẹ́," ni Ìyá wí. "Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ máa ń dí. Ọjọ́ tí o bá sì wá, n kì í lè sọ ọ́. Mo ní kí n máa sọ ọ́ fún ọ díẹ̀díẹ̀ níbí, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Fara balẹ̀." Ó fi ahọ́n tọ́ ètè. "Nígbà tí mo bí àbúrò rẹ, mo wò ọ́, mo rò pé ìwọ ti dàgbà, o lè dá dúró. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í ṣe àgbà. Mo ṣe àṣìṣe, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè padà sẹ́yìn."

Àádọ́ta irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, àádọ́ta òwúrọ̀ níwájú dígí.

Ìbíyẹmí gbọ́ ti àkọ́kọ́ tán, láìmira. Nígbà tó parí, ó jókòó nínú yàrá tó ti ń ṣú, ohun kan sì yé e bí òǹkà ṣe máa ń yé e, lẹ́ẹ̀kan náà. Mọradéyọ̀ kò ní ojú Ìyá. Òfin ti ka gbogbo àwòrán olóògbé, ibi yòówù tí wọ́n wà, mọ́ tẹ́rà kan náà, fèrè sì ti dún, wọ́n ti pa gbogbo wọn rẹ́. Àbúrò rẹ̀ lè wo irínwó wákàtí ó lé àádọ́ta títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kò ní rí ojú ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Nínú gbogbo ayé, ibì kan ṣoṣo ni ojú náà kù sí, òun ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dùn mọ́ ọn. Kò lè purọ́ fún ara rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn gan-an. Ó jẹ́ kí ó dùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kó àkẹtẹ̀ àti ojú-ọrùn sínú àpò, ó sì bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn lọ.

Ilé Mọradéyọ̀ wà létí omi lódìkejì, ẹ̀fọ́ yí i ká. Ìbíyẹmí kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ojú Mọradéyọ̀ wú fún ẹkún, kò sì kúnlẹ̀.

"Kí lẹ tún wá kà fún mi?"

"Mi ò wá ka nǹkan kan," ni Ìbíyẹmí wí. "Ojú Ìyá ni mo gbé wá."